Ta Ló Ni Ìtumọ̀ Ìyà? Èsì sí Àwọn Elérò "Àmúwá Ọlọ́run"

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di gbogboǹṣe lẹ́nu wa. Bí ọkọ̀ èrò bá já sínú kòtò tí agbaṣẹ́ṣe ti gba owó àtidí rẹ̀ tí kò sì dí i, tí ẹ̀mí ṣòfò, a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí aboyún bá kú ní ilé ìwòsàn tí iná kò sí, tí omi kò sí, tí dókítà kò sì yọjú títí ilẹ̀ fi mọ́, a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Pásítọ̀ a sọ ọ́ níbi ìsìnkú, àáfà a sọ ọ́ níbi fìdáù, ẹni tí ó kó owó kòtò náà jẹ a sì jókòó sí iwájú, a ṣe àmín tí ó dún ju ti gbogbo ìjọ lọ. Bí ó bá ṣe pé ilé òkú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ, à bá fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sìn kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wọ yàrá ìkàwé. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò léèrè ohun tí ó mú kí ẹ̀dá ìtàn kan jìyà nínú ìwé tí a yàn fún un. Kì í pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ pé àyànmọ́ ẹni náà ni, kí ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé a ń fún un ní máàkì.

Àwa kò bá ìgbàgbọ́ jà nínú àròkọ yìí. A mọ̀ pé ìgbàgbọ́ a máa fún ìyà ní ìtumọ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá rí ìtumọ̀ nínú ìyà rẹ̀ a máa rù ú ní ọ̀nà tí ẹni tí kò rí i kò lè gbà rù ú. Ohun tí a ń jà lé lórí ni ẹ̀tọ́: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ìtumọ̀ náà? Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó jẹ ìyà náà nìkan ni. Bí òun bá sọ ọ́, ẹ̀rí ni. Bí ẹlòmíràn bá bá a sọ ọ́, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ó ti fi ìyà mìíràn kún ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo olùkọ́ èdè Yorùbá jẹ ní gbèsè: Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn. Ní oṣù kejì 1837, nígbà tí ó ti ń ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay ní Sàró, ó kọ lẹ́tà sí William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ròyìn bí wọ́n ṣe mú òun lẹ́rú. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà mọ́ ìwé tí òun àti Schön kọ nípa ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841, èyí tí ó jáde ní 1842.

Kò fi ọ̀ṣọ́ kankan sí ohun tí ó kọ. Ó ní àwọn ìyá ń dáná oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Àwọn obìnrin pọn ọmọ, wọ́n fa àwọn mìíràn lọ́wọ́, wọ́n ru ẹrù lérí, wọ́n ń sá gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Bí ẹ̀gún bá ti kọ́ wọn lẹ́rù, kí wọ́n tó já a, okùn àwọn tí ń kó ẹrú ti bọ́ sí wọn lọ́rùn. Ilé ń jó lẹ́yìn wọn. Ó ròyìn bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Ó ròyìn bí a ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí a yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ó sì gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin 1822, tí a kó wọn wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá tí a tò jọ, wọ́n sì gbà pé ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe sí ojú ọmọdé, kí ó ka ibẹ̀.

Nínú lẹ́tà yìí kan náà ni Crowther ti pe ọjọ́ tí wọ́n mú un ní ọjọ́ ìbànújẹ́, tí ó sì fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé, ní ọ̀nà mìíràn, òun ti kọ́ láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo àríyànjiyàn wa dúró lé, a sì bẹ òǹkàwé kí ó má ṣe kánjú kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọjọ́ náà ti kọjá kí ó tó pè é bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ nígbà tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀já ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ "ìbùkún", ṣùgbọ́n kò fi pa "ìbànújẹ́" rẹ́. Bí ó bá ṣe pé ó fẹ́ tẹ́ àwọn olówó orí rẹ̀ lọ́rùn ni, ọ̀rọ̀ kejì nìkan ìbá tó. Orí ara rẹ̀ nìkan ni ó sì sọ ọ́ lé. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé ọjọ́ ìbùkún ni ọjọ́ náà fún àwọn obìnrin tí ẹ̀gún kọ́, tàbí fún àwọn tí kò ju ọmọ ọwọ́ lọ, tàbí fún àwọn tí ọkọ̀ ogun kankan kò pàdé lójú òkun títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Bàhíà àti Kúbà.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé àti ní ilé ìsìn. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù àti lẹ́nu olùkọ́ pé, bí kò bá sí òwò ẹrú, Àjàyí kì bá tí di bíṣọ́ọ̀bù, a kì bá tí ní Bíbélì ní èdè wa, nítorí náà Ọlọ́run ni ó ṣe é. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tí ó ni ín, tí wọ́n sì fi ṣe ìlànà fún gbogbo ayé! Bí a bá tọ ìrònú yìí dé òpin, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ọmọ gba ẹṣin. A ó kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí àwọn Potogí. Crowther fúnra rẹ̀ kò ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841, tí àtifi òpin sí òwò ẹrú jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí rẹ̀. Ní 1851 ó lọ sí Ìlú Ọba, ó rí Ọbabìnrin Fikitóríà, ó sì bá àwọn ìjòyè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú tí ń lọ ní Èkó. Bí ó bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni ó ń fi ogun kó àwọn ọmọdé láti lè sọ wọ́n di àlùfáà, kí ni ó ń dí Ọlọ́run lọ́wọ́ sí?

Àwọn kan wà ní apá kejì, a kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé a ti gbàgbé wọn. Àwọn ni lámèyítọ́ tí ó kàwé, tí wọ́n rí "ọjọ́ ìbùkún" nínú lẹ́tà Crowther tí wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ òyìnbó ni, pé ẹrú tí a wẹ̀ mọ́ ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́. Àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olúwarẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn àti oníwàásù ni pé oníwàásù gba ìtumọ̀ náà ó sì fi ta ọjà tirẹ̀, àwọn gbà á wọ́n sì sọ ọ́ nù. Ọmọ tí ó wá ọ̀nà àtikú ní òru tí kò rí i, tí ó wá rí ìdí láti wà láàyè títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún, ta ni yóò jókòó sí ilé ìkàwé kan tí yóò sọ fún un pé ìdí tí ó rí kì í ṣe ìdí?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọjọ́ ogbó tilẹ̀ dá wọn lóhùn. Ní oṣù kẹjọ 1890, ní Onítṣà, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó láti inú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan náà jókòó ní ìgbìmọ̀ lórí iṣẹ́ tí bàbá arúgbó yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe; wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá lára wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, títí kan Dandeson ọmọ bíbí inú rẹ̀. Crowther kò sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó sọ pé òun kò bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà mọ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1891. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ìjọ Delta dá dúró lábẹ́ Dandeson. Ẹni tí ó lè pe ìyà kan ní ìbùkún lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó kọ̀ láti pe òmíràn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò yí padà láàrin méjèèjì. Òun ni ó ń yàn ohun tí yóò sọ nípa èyíkéyìí.

Ẹnì kan tún wà nínú ìtàn yìí tí àwọn oníwàásù kì í fi í ṣe àpẹẹrẹ. Afala ni orúkọ rẹ̀, ìyá Àjàyí. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ 1846 ni ọmọ rẹ̀ tún rí i ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ náà kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Ní oṣù kejì 1848 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ṣùgbọ́n Afala kò kọ lẹ́tà. Kò sí ibì kan tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa ohun tí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn jẹ́. Ẹni tí ó bá ní òun mọ̀ ọ́n ń purọ́.

Àwọn ẹlẹ́sìn yóò sọ pé a ti ń gba iṣẹ́ ìtùnú lọ́wọ́ wọn. Rárá. Ìwé tiwọn ni kí wọ́n lọ kà. Nígbà tí Élífásì àti Bílídádì àti Sófárì gbọ́ ohun tí ó dé bá Jóòbù, wọ́n wá jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti lanu láti ṣàlàyé ìdí tí ìyà fi jẹ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì parí, Ọlọ́run bínú sí àwọn aláàlàyé, ó ní wọn kò sọ òtítọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Jóòbù ni ó ti ń ráhùn láti ìbẹ̀rẹ̀! Màlúù méje àti àgbò méje ni wọ́n fi gba ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á rántí iye ẹran yìí nígbà tí a bá tún fẹ́ lọ sọ ìdí fún ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀.

Àwọn Mùsùlùmí náà ní tiwọn. Inú èdè Lárúbáwá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà "sùúrù", ó sì ti di tiwa dé ibi pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì kò rí òmíràn lò. Lónìí a ti sọ sùúrù di dídákẹ́. Ṣùgbọ́n nínú Súrà Yúsúfù, Ànábì Yàkúbù tí Àlùkùránì fi sùúrù rẹ̀ ṣe àpọ́nlé sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù bá a wí pé ẹkún náà yóò pa á, ó dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ni òun ń ké sí. Sùúrù rẹ̀ àti ẹkún rẹ̀ wà pọ̀ nínú súrà kan náà.

Ó kù sí ọwọ́ àwọn tí ń fi Ifá gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ní àṣà wa ni ó sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, nítorí náà kí olójú-ń-pọ́n gbà fún orí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù láàrin àwa olùkọ́, nítorí ó dà bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìtàn tí wọ́n gbé ara lé ni ti Orísẹ̀ẹ́kú, Oríléémèrè àti Àfùwàpẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ó lọ yan orí nílé Àjàlá, gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti gbé e jáde nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá. Wọ́n ka ìdajì rẹ̀. Ta ni Àjàlá? Amọ̀kòkò tí ó jẹ gbèsè ni, tí olówó wá sin ín, tí ó sì lọ sá pamọ́ sí òkè àjà. Orí tí ó mọ tí kò jiná pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Òjò pa orí àwọn méjèèjì àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà, ó sì ń họ. Wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, orí ni ó ń gba èrè rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n dá? Ohun tí Ifá ń wí ni pé iṣẹ́ ẹni tí ó mọ orí kò pé. Ìyà lè wá láti ọwọ́ oníṣẹ́ tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ẹ wo bí èyí ti jìnnà tó sí "àmúwá Ọlọ́run", ẹ sì wo bí ó ti sún mọ́ agbaṣẹ́ṣe tí kò dí kòtò! Àfùwàpẹ́ ní tirẹ̀ lọ dá Ifá, ó rú iyọ̀, ó rú owó, ó fi iyọ̀ náà ran ẹni tí ó bá lọ́nà lọ́wọ́, ó sì bá Àjàlá san gbèsè kí ó tó yan orí. Bí àyànmọ́ bá jẹ́ kí á jókòó kawọ́, Àfùwàpẹ́ kì bá tí jẹ́ ẹni tí ìtàn náà yìn.

Ohun tí ó tilẹ̀ wú wa lórí jù kò sí nínú ẹsẹ Ifá rárá. Nínú ìṣe babaláwo ni ó wà. Ẹni tí ìṣòro gbé dé ọ̀dọ̀ babaláwo kì í sọ ohun tí ó ń ṣe é síta. Yóò mú owó, yóò sọ ọ́ sí owó náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò fi í lélẹ̀. Babaláwo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù yóò yọ, òun yóò sì máa ki ẹsẹ lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí adáfá yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu tí yóò ní òun nìyẹn. Babaláwo tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá ni kò sọ fún aláìsàn pé "ohun tí ìyà rẹ túmọ̀ sí nìyí". Ó kó àwọn ìtumọ̀ sílẹ̀, ẹni tí ń jìyà sì ni ó mú tirẹ̀. Kí ni ó wá dé tí olùkọ́ tí kò kọ́ Ifá ọjọ́ kan fi mọ àyànmọ́ gbogbo ẹ̀dá ìtàn inú ìwé?

Ọ̀rọ̀ ìwé ni a ó fi kádìí rẹ̀, nítorí òun ni a fi ń jẹun. Láàrin 1929 àti 1930 ni I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, tí ó sọ pé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ni wọ́n ti wá. Ó kó wọn jọ ní ìwé ní 1930. Obìnrin náà wà lórí àìsàn. Ó ń ròyìn àwọn ọkùnrin tí ó bá gbé ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń sọ ọ́ léraléra pé èrè ẹ̀ṣẹ̀ òun ni àìsàn tí òun ń ṣe. Àwọn ará Èkó gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i.

Ọ̀pọ̀ àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórí ìwé yìí ni ó máa ń wí pé Ṣẹ̀gilọlá rí ìtumọ̀ ìyà rẹ̀ nípasẹ̀ ìrònúpìwàdà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dára, òun àti Crowther a jẹ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀gilọlá kò kọ nǹkan kan. Ọkùnrin olóòtú, tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ní láti tà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ni ó fi "èrè ẹ̀ṣẹ̀" sí i lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin tí ó bá a gbé ńkọ́? Ara wọn le. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ ara líle wọn. A kò fi èyí sọ pé Thomas kò mọ ìwé kọ. Ó mọ̀ ọ́n kọ débi pé ó tan gbogbo ìlú. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n kọ ni ó fi yẹ kí olùkọ́ dúró níbẹ̀ kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé: ohùn ta ni èyí?

Ìbéèrè yìí ni a ń bẹ àwọn tí ń ṣètò ìdánwò kí wọ́n fi rọ́pò èyí tí wọ́n ti ń béèrè tipẹ́. Dípò "Ṣàlàyé ipa tí àyànmọ́ kó nínú ìgbésí ayé ẹ̀dá ìtàn yìí", ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ẹni tí ó sọ pé àyànmọ́ ni, ìgbà tí ó sọ ọ́, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà bò mọ́lẹ̀ fún un. Àwọn olùkọ́ ní tiwọn, kí wọ́n mú lẹ́tà 1837 wọ kíláàsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Crowther fi kọ ọ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gùn. Olùkọ́ tí ó bá fara balẹ̀ lè túmọ̀ ibi tí ogun ti wọ Òṣogùn láàrin ọjọ́ méjì. Kí ó ka ibẹ̀ sí wọn létí láti orí oúnjẹ àárọ̀ tí ó wà lórí iná títí dé orí okùn, kí ó wá ka gbólóhùn tí ìbànújẹ́ àti ìbùkún wà nínú rẹ̀, kí ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn.